Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, Gbẹ́nàgbẹ́nà Ọba, àti Ohun Tó Ń Mú Ère Dán

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi mí ṣáá níbí ní Stockwell. Ẹnì kan á ra ère tuntun, bóyá oṣé Ṣàngó tàbí ère ìbejì, á gbé e tọ̀ mí wá. Á pè mí ní Ìyá, bí mi ò tilẹ̀ tíì pé ọmọ ogójì ọdún. Á wá béèrè ohun tó yẹ kó fi pa ère náà kó lè dán: ṣé epo pupa ni, àbí òrí, àbí ìda oyin tí wọ́n ń tà nínú agolo fún àga àti tábìlì?

Ìdáhùn rẹ̀ ò le, màá sọ ọ́ kí n tó parí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tí igi mọ ọwọ́ rẹ̀, tí ọba ń bẹ ọba kí wọ́n tó rí i gbà. Ọlọ́wẹ̀ ni, ará Ìsẹ̀-Èkìtì. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tó ti kú. Nígbà tí mo ń ka ẹ̀kọ́ nípa àṣà àti ìran ènìyàn ní yunifásítì, orúkọ rẹ̀ ni mo máa ń bá pàdé jù nínú ìwé iṣẹ́ ọnà wa. Lẹ́yìn tí mo wọlé òrìṣà ni ìtàn rẹ̀ tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi, torí pé èmi náà ti wá ní ère tí mò ń wẹ̀, tí mò ń pa.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n, ará Ìsẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1873 ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè, ìlú orí òkè tí a mọ̀ mọ iṣẹ́ igi gbígbẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ayé ò rọgbọ nígbà náà. Ó ṣì kéré gan-an nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀, tí wọ́n kọ̀ láti máa sin Ìbàdàn. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun ò kúrò lójú ogun títí di 1893. Ẹ wò ó, ọmọ tí wọ́n bí ní 1873 á ti tó ogún ọdún kí ìbọn tó dákẹ́. Inú ayé bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́.

Láti kékeré ló ti kúrò ní Ẹ̀fọ̀n lọ sí Ìsẹ̀, ìlú tí wọ́n fi ń pè é títí dòní. Nígbà tó dàgbà, Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, mú un sí ààfin, ó di ẹmẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè, ẹ má rò pé ìránṣẹ́ lásán ni ẹmẹsẹ̀. Òun ni ọba ń rán níṣẹ́, òun ló ń dúró nítòsí nígbà tí àlejò bá wọlé, ó sì mọ ẹni tó gbọ́dọ̀ jókòó, ẹni tó gbọ́dọ̀ dúró, àti ẹni tó gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀. Lójú tèmi, ààfin yìí ni ilé ìwé tó ṣe pàtàkì jù fún Ọlọ́wẹ̀. Ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa: kò sẹ́ni tó wà níbi tí kò yẹ kó wà. Olorì ní àyè tirẹ̀, afọnfèrè ní àyè tirẹ̀, ẹlẹ́ṣin ní tirẹ̀. Ẹni tí kò gbé ààfin ò lè gbẹ́ ààfin bẹ́ẹ̀.

Arínjalẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ ńlá fún un: òpó ìloro, ilẹ̀kùn, àti àwọn nǹkan mìíràn tí ojú ọba ń fẹ́. Ìlú ò jìnnà síra ní Èkìtì, ọ̀rọ̀ sì ń rìn. Kò pẹ́ tí àwọn ọba yòókù fi ń ránṣẹ́ sí Ìsẹ̀ pé kí wọ́n yá àwọn ní Ọlọ́wẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́, ó ṣiṣẹ́ ní Akúrẹ́, ó dé Iléṣà, ó dé Ìdànrè. Ibi tó bá lọ, á gbé ibẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí, ọba ibẹ̀ á sì máa bọ́ ọ.

Ibi tí dídán ti ń wá

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi iṣẹ́ fúnra rẹ̀, torí ibí yìí ni ọ̀rọ̀ epo àti ìda ti bẹ̀rẹ̀.

Fádà Kevin Carroll, àlùfáà Kátólíìkì tó ń bá àwọn agbẹ́gilére ṣiṣẹ́ ní Òyè-Èkìtì láti 1947, gba ìpele iṣẹ́ wọn sílẹ̀ bí àwọn fúnra wọn ṣe ń pè é. Mẹ́rin ni. Àkọ́kọ́ ni ọnà lílé: wọ́n á fi àáké gé ìtì igi títí ìrísí ère á fi yọ, bí ẹni tó ń rí ènìyàn nínú kùrukùru. Ìkejì ni àlétúnlé: wọ́n á tún un gé, orí á di orí, ọwọ́ á di ọwọ́. Ìkẹta ni dídán: wọ́n á fi ọ̀bẹ àti irin tó mú há gbogbo ara rẹ̀ títí kò fi ní sí ibi tó rí ṣákaṣàka mọ́. Ìkẹrin ni fínfín: wọ́n á fín ilà ojú, irun dídì, ìlẹ̀kẹ̀, àti ọnà ara aṣọ.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan méjì. Èkínní, kò sí epo nínú ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, kò sí ìda. Èkejì, dídán wà níbẹ̀, àmọ́ ipò kẹta ló wà, kí wọ́n tó fín ọnà sí i. Nínú èdè wa, ohun tó bá dán lè jẹ́ ohun tí kò ní gbúngbùngbún lára, ó sì lè jẹ́ ohun tó ń kọ mọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kan náà ló gbé méjèèjì. Lójú agbẹ́gilére, irin ló ń mú igi dán. Bí ọ̀bẹ bá mú, tí ọwọ́ bá sì mọ ibi tí iṣan igi ń lọ, ojú igi á jọ̀lọ̀, ìmọ́lẹ̀ á máa yọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn mìíràn tún máa ń fi ewé ìpín ra á, ewé tó rí ṣákaṣàka bíi ahọ́n ológbò, tó ti ń ṣiṣẹ́ sáńpépà kí sáńpépà tó dé. Bí ọ̀bẹ ò bá mú, kò sí ìda tó lè bo àṣírí yẹn. Kódà, ṣe ni ìda máa ń tú u síta, torí gbogbo ibi tí irin ti já igi jẹ á wá hàn kedere.

Lẹ́yìn èyí ni àwọ̀ kàn. Àwọn iṣẹ́ ààfin tí Ọlọ́wẹ̀ ṣe kì í ṣe igi dúdú tó ń dán bí a ti ń rí i nínú àwọn fọ́tò ìwé ọnà. Ó kùn wọ́n ni. Èérún àwọ̀ ṣì wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn títí dòní. Ẹ fojú inú wo ìloro ààfin ní àárọ̀, tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, tí òpó kọ̀ọ̀kan wọ aṣọ aláràbarà. Báyìí ni Ọlọ́wẹ̀ fi iṣẹ́ lé ọba lọ́wọ́. Òjò, oòrùn, èéfín àti ọwọ́ ènìyàn ló wá ṣe ìyókù.

Ọdún mẹ́rin ní ààfin Ògògà

Láàárín 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀ wà ní Ìkẹ́rẹ́, lọ́dọ̀ Ògògà. Iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀ ni ayé fi mọ̀ ọ́n jù.

Òpó kan wà nínú wọn tó ti di ará Chicago báyìí, ní Art Institute. Gíga rẹ̀ tó mítà kan àbọ̀. Ọba jókòó lórí ìtẹ́, adé wà lórí rẹ̀, ẹyẹ sì dúró ṣóńṣó lórí adé. Ẹsẹ̀ ọba ò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni olorì àgbà dúró, ó ga, ó di ẹ̀yìn ìtẹ́ mú, ojú rẹ̀ sì ń wo òkè orí ọba. Ara olorì yìí ló ń gbé òrùlé. Ẹ̀yin ìyálórìṣà, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yé yín: ọba ló jókòó, obìnrin ló dúró tì í, òun náà ló sì ń gbé adé lé e lórí. Ní ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ẹsẹ̀ ọba, ìyàwó kékeré kúnlẹ̀, ẹnì kan sì ń fọn fèrè. Èṣù ni àwọn tó mọ òpó yìí ń pe afọnfèrè náà. Èṣù ò ní ṣàì sí níbi tí àṣẹ bá wà.

Ilẹ̀kùn ààfin ńkọ́? Abala méjì ni, wọn ò fẹ̀ dọ́gba, àtẹ́rígbà rẹ̀ pẹ̀lú fínfín. Ohun tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ sí i jẹ́ ohun tí ojú àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ rí: ìgbà tí Kápútẹ́ènì Ambrose, kọmíṣọ́nà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán sí Èkìtì, wá kí Ògògà, ní nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lórí abala kan, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́, olorì wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ará ààfin yí i ká. Lórí èkejì, òyìnbó jókòó sínú àga tí àwọn aláàárù gbé rù, ẹrù rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Gbẹ́nàgbẹ́nà mìíràn á fín ère mọ́ pákó pẹlẹbẹ. Ti Ọlọ́wẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, ó jẹ́ kí wọ́n yọ síta kúrò lára igi débi pé òjìji wọn ń bọ́ sí ẹ̀yìn wọn. Bí oòrùn bá ń yí, ṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n ń rìn. Ẹ tún wo bó ṣe to àwọn ènìyàn náà: òyìnbó ń bọ̀, ọba ò dìde. Ẹmẹsẹ̀ ló gbẹ́ ọ, ó mọ ẹni tó ni ilé.

Wembley, 1924

Ní ọdún 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, láti fi ohun gbogbo tó wà lábẹ́ ìjọba wọn han ayé. Wọ́n mú ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ wá síbẹ̀. Nígbà tí àwọn British Museum rí i, ó wù wọ́n. Ògògà ò tà á. Ohun tó gbà ni pàṣípààrọ̀: wọ́n á ṣe ìtẹ́ kan fún un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀kùn á dúró sí Lọ́ńdọ̀nù. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí.

Ọlọ́wẹ̀ wà láàyè nígbà náà o. Ó lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ọwọ́ rẹ̀ ṣì le, ó ń gbẹ́gi lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wo iṣẹ́ rẹ̀ ní Wembley láìmọ ẹni tó ṣe é. Èyí ló máa ń dùn mí jù nínú ìtàn náà. Àwọn àgbà ní bí a bá kú là ń dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ọlọ́wẹ̀ tó ń sọ àwọn mìíràn dère, ère rẹ̀ ti dé Lọ́ńdọ̀nù kí orúkọ rẹ̀ tó mọ ọ̀nà.

Mo ti lọ dúró níwájú ilẹ̀kùn yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Téèyàn bá wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ní Stockwell, kò ní pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ohun tí mo máa ń wò ni ibi tí ọwọ́ á máa kàn bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣí i. Kò sẹ́ni tó ń tì í mọ́. Ilẹ̀kùn tí a kò tì, tí a kò fà, tí èéfín ààfin ò bà lé lórí, ó ti dúró síbi tí ọdún 1924 bá a. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ń gbìyànjú kí nǹkan kan má bàa yí padà lára rẹ̀ mọ́. Ìtọ́jú nìyẹn náà, mi ò kẹ́gàn rẹ̀. Àmọ́ ó yàtọ̀ sí ìtọ́jú tiwa.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Nínú ilé iṣẹ́ ìwádìí British Museum yìí gan-an ni wọ́n ti ṣe ìda kan ní àwọn ọdún 1950, tí wọ́n ń pè ní Renaissance Wax. Dókítà Werner, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, ló ṣe é. Ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń rí ìda rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi wá òmíràn ni pé ìda oyin ní èròjà kíkan nínú, tó lè máa ṣiṣẹ́ lára ohun àtijọ́ bó bá pẹ́. Lónìí, káàkiri ayé ni àwọn mùsíọ́ọ̀mù ti ń lò ó, ẹ sì lè rà á fúnra yín. Ó dára fún ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn mọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà síbẹ̀.

Àwo olórí, àti ikú

Ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn Wembley, ní nǹkan bí 1925, Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ àwo kan tó wà ní Washington báyìí, ní mùsíọ́ọ̀mù ọnà Áfíríkà ti Smithsonian. Obìnrin kan kúnlẹ̀, ó gbé àwo lọ́wọ́, àwọn ènìyàn kéékèèké kúnlẹ̀ yí àwo náà ká lábẹ́, wọ́n ń bá a gbé e. Lórí ìdérí, àwọn ọmọbìnrin ń jó. Irú àwo bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi obì sí fún àlejò tàbí fún òrìṣà. Èwo wá ni ìyanu rẹ̀? Láàárín àwọn tó kúnlẹ̀ yẹn, orí ọkùnrin kan tó ní irùngbọ̀n wà níbẹ̀, ó ń yí gbirigbiri, kò sì lè jáde. Kò sí ojú ìlẹ̀mọ́, kò sí ìṣó. Inú igi kan náà ni Ọlọ́wẹ̀ ti gbẹ́ orí yẹn, ó ki ọ̀bẹ gba àárín àwọn ènìyàn náà, títí orí fi já kúrò lára ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbẹ́ ṣíbí igi lásán rí, ẹ lè mọ ohun tí mò ń sọ.

Bí wọ́n bá lo àwo bí èyí nínú ilé, orí yẹn á máa yí, á máa ra ara àwọn tó yí i ká. Fúnra rẹ̀ ló ń dán ara rẹ̀. Mo máa ń rò pé Ọlọ́wẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tó ṣe é tán.

Ó ń gbẹ́gi lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú ní 1938.

Ẹni tó ń pa orúkọ rẹ̀

Báwo la ṣe wá mọ̀ ọ́n? Àwọn kan wá a. Philip Allison, òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba nípa igbó ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tó ṣe àwọn òpó àti ilẹ̀kùn wọ̀nyí, ó sì kọ nípa Ọlọ́wẹ̀ ní àwọn ọdún 1940, nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n lójú ṣì pọ̀. William Fagg ti British Museum náà gbà pé iṣẹ́ ọnà wa ní olówó, ó ní orúkọ, kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yà kan lásán, ó sì fi orúkọ Ọlọ́wẹ̀ síbi tó yẹ kó wà. Ní 1998, Roslyn Walker kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ fún ìpàtẹ kan ní Smithsonian, tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ìyẹn ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí àwọn wọ̀nyí tó dé, kí wọ́n sì tó lọ, obìnrin kan wà ní Ìsẹ̀. Olójú-ifun ni orúkọ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Ọlọ́wẹ̀. Ní 1988, ọ̀jọ̀gbọ́n John Pemberton lọ bá a, obìnrin náà sì kí oríkì ọkọ rẹ̀ fún un. Àádọ́ta ọdún ti kọjá tí ọkọ náà ti kú. Mi ò ní kọ oríkì yẹn síbí, ti ìdílé ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀: ẹwà ọkùnrin náà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, bí igi líle ṣe ń rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ààfin tó ti ṣiṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ìwé ńlá wá kiri, obìnrin yìí ní in lẹ́nu.

Ẹ̀yin náà mọ bí oríkì ṣe ń rí. Ohun tí a kò bá kì, ó ń gbàgbé. Kí obìnrin kan tó lè ní oríkì lẹ́nu fún àádọ́ta ọdún, ó gbọ́dọ̀ ti máa kì í: ní àárọ̀, ní ọjọ́ ọdún, nígbà tí ọmọ bá jọ bàbá rẹ̀. Lójú mi, ohun kan náà ni pẹ̀lú ère ìbejì tí ìyá ń wẹ̀, tó ń fi osùn pa, tó ń fi wájì kun irun rẹ̀, títí ojú ère á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nítorí ìfẹ́. Ọwọ́ tó ń padà wá lójoojúmọ́ ló mú ère ìbejì dán. Ẹnu tó ń padà wá lójoojúmọ́ ló mú orúkọ Ọlọ́wẹ̀ dán. Agbẹ́gilére ń parí iṣẹ́ tirẹ̀ nígbà tó bá fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Dídán tó kẹ́yìn, àwa tí wọ́n fi ère lé lọ́wọ́ la ni ín.

Nígbà náà, kí ni ká fi pa á?

Mo ti ṣèlérí ìdáhùn. Ó dá lórí ohun tí ẹ fẹ́ fi ère náà ṣe.

Bó bá jẹ́ ère ojúbọ, òrìṣà ló ń sọ ohun tí à ń fi pa á, kì í ṣe igi. Èṣù ń gba epo pupa, ẹ má ṣe jẹ́ kí àdín kàn án láéláé. Ọbàtálá ń gba òrí àti ẹfun, epo pupa ni èèwọ̀ rẹ̀. Ìbejì ń gba osùn. Ẹ bi àgbà ilé yín léèrè kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, torí ilé jọ ilé, àṣà wọn lè yàtọ̀. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí wà ní Rye Lane ní Peckham, ẹ ò ní rìn jìnnà. Ẹ kàn rántí pé epo pupa àti òrí kì í gbẹ. Bí ẹ bá dà á pọ̀, á dúró sójú igi, eruku Lọ́ńdọ̀nù á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì máa rùn. Díẹ̀ ni kí ẹ fi ọwọ́ mú, kí ẹ rọra fi ra á, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ nu èyí tó bá ṣẹ́kù. Ojú ọpọ́n Ifá ní tirẹ̀ ò fẹ́ ohun tó ń lẹ̀, torí ìyẹ̀rosùn gbọ́dọ̀ máa rìn lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Bó bá jẹ́ ohun ìlò ilé, bí àpótí, ìjókòó tàbí ọpọ́n oúnjẹ, epo linseed tí àwọn kápẹ́ńtà ń lò dára, torí ó ń gbẹ: afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di líle nínú igi. Ẹ fi sí i ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ nù ún, ẹ fún un láyè kó gbẹ kí ẹ tó tún fi sí i, kí ẹ wá fi ìda oyin díẹ̀ lé e lórí. Ti oúnjẹ, ẹ rí i pé ohun tí wọ́n kọ sára agolo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ fetí sí èyí dáadáa o: àkísà tí ẹ fi nu epo linseed lè gbiná fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ká a jọ, torí ooru ń mú bó ti ń gbẹ. Ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi. Ẹ má jù ú sínú ike ìdalẹ̀ nínú fúláàtì yín.

Bó bá jẹ́ ère àtijọ́ tí àwọ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan pa á. Epo á mu àwọ̀ náà, ìda á di eruku mọ́ ọn, ohun tí agbẹ́gilére fúnra rẹ̀ kùn á sì lọ. Ẹ gbé e jìnnà sí rédíétọ̀ àti fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Ooru ilé ní ìgbà òtútù ló ń la igi níbí ju ohunkóhun lọ.

Bí ẹ bá sì rí ère tuntun tí wọ́n ti fi pólíìṣì dúdú kùn kó lè dà bí ohun ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹ má jẹ́ kí dídán rẹ̀ tàn yín. Ẹ yí i padà, ẹ wo ìdí rẹ̀, ẹ wo ibi tí ọwọ́ ò lè dé. Ọjọ́ orí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn. Ère tuntun ò lábùkù, ẹ jẹ́ kó jẹ́ tuntun, kí ọwọ́ yín sọ ọ́ di àgbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè orúkọ. Ẹni tó bá tà á fún yín, ẹ bi í léèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ àti ìlú rẹ̀. Bó bá mọ̀ ọ́n, ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ ìdí ère pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, kí ẹ sì máa dá a ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń pa á. Àwọn tó wà ní Wembley ní 1924 ò béèrè, orúkọ Ọlọ́wẹ̀ ìbá sì sọnù bí kò bá sí àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ìsẹ̀. Agbẹ́gilére pọ̀ ní Èkìtì, ní Òṣogbo, ní Kétu, tí iṣẹ́ wọn ń wọ inú fúláàtì wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù lónìí. Wọ́n wà láàyè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sunwọ̀n lójú wa báyìí, ká má dúró dìgbà tí wọ́n bá kú.

Kí Ògún tó ni irin má ṣe jẹ́ kí ọ̀bẹ àwọn ọmọ rẹ̀ kú. Kí Ọbàtálá, alámọ̀ tó mọ ènìyàn, máa bá wa tún orí wa ṣe. Àṣẹ o.